Bí A Ṣe Ń Fọkàn sí Oúnjẹ Tí À Ń Jẹ

Ọ̀pọ̀ wa ló ń jẹun láìmọ̀ pé à ń jẹun. Ọwọ́ ọ̀tún ń gé òkèlè, ọwọ́ òsì ń yí fóònù, tẹlifíṣàn ń pariwo, ìgbà tí ojú yóò fi padà sínú abọ́, eegun ẹran nìkan ló kù. Inú ti kún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wá pé báwo ni ọbẹ̀ náà ṣe rí lẹ́nu, a ò ní lè sọ. Kò ní pẹ́ tí a ó tún fi dìde, tí a ó máa wá bisikíìtì kiri inú ilé. Ebi kọ́ ló gbé wa dìde. Ọkàn wa ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí ara ń jẹun, òun ló wá ń bèèrè ìpín tirẹ̀.

Ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí kì í ṣe ti bí a ṣe ń rù. N kò ní ka oúnjẹ kankan léèwọ̀ fún yín, n kò sì ní sọ pé kí ẹ máa gun òṣùwọ̀n láràárọ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni pé ara mọ ìgbà tí ebi ń pa á, ó sì mọ ìgbà tó yó. Àwa la kọ́ bí a ṣe ń di etí sí i, a sì lè kọ́ bí a ó ṣe tún máa gbọ́ ọ.

Àwọn oníṣègùn pàápàá ń lo irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn dá ètò kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ìrora àti àìfọkànbalẹ̀ ń bá fínra. Lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé kí oníkálukú mú èso àjàrà gbígbẹ kan, kó wò ó, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ní 1995, Evelyn Tribole àti Elyse Resch, onímọ̀ nípa oúnjẹ ni àwọn méjèèjì, kọ ìwé Intuitive Eating fún àwọn tí òfin jíjẹ-mímu ti sú, pé kí wọ́n padà máa gbọ́ ti ebi àti ti yíyó. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mú ìpìlẹ̀ ìlànà yìí. Ọ̀nà tí yóò gbà bá abọ́ ọbẹ̀ tiwa mu ni màá tọ́ yín sí.

Ẹ fi àgbálùmọ̀ kan kọ́ ọ

Ẹ má tíì fi abọ́ ẹ̀bà bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú nǹkan kékeré kan tí ẹ fẹ́ràn. Àjàrà gbígbẹ kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, àgbálùmọ̀ sì sàn jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe lè kánjú jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀ ni, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá wọ oṣù Kẹrin, ẹ ra ọ̀kan tó pọ́n dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn.

Ẹ wò ó ná. Ẹ wo bí àwọ̀ rẹ̀ kò ṣe dọ́gba, bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe pọ́n ju èkejì lọ. Ẹ yí i nínú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi rọ̀. Ẹ gbé e sí imú. Bí itọ́ bá ti ń sun lẹ́nu yín kí eyín tó kàn án, ẹ kíyè sí ìyẹn pẹ̀lú: ara ti ń múra de oúnjẹ. Ẹ wá fi eyín lu èèpo rẹ̀, ẹ fa omi inú rẹ̀ mu, kí ẹ sì dúró. Ṣé dídùn ló kọ́kọ́ dé ni àbí kíkan? Oje rẹ̀ tó funfun yóò máa lẹ̀ mọ́ yín ní ètè. Ẹ má tíì nù ún. Ẹ fi ahọ́n yọ kóró kan, kí ẹ mọ bó ṣe ń dán. Níkẹyìn, ẹ máa jẹ èèpo rẹ̀ títí tí yóò fi di ṣingọ́ọ̀mù, bí a ti máa ń ṣe ní kékeré.

Ọkàn yín yóò sá lọ. Yóò lọ sọ́jà, yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ yín lówó, yóò lọ síbi ìpàdé ọ̀la. Kò burú. Gbàrà tí ẹ bá ti fura pé ó ti lọ, ẹ fà á padà sídìí àgbálùmọ̀, ẹ má bá a jà. Fífà á padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, yóò sì máa rọrùn sí i bí ẹ bá ṣe ń ṣe é. Lásìkò tí kò bá sí àgbálùmọ̀, ẹ̀pà sísun díẹ̀ tí a ń jẹ ní hóró kọ̀ọ̀kan yóò ṣe é.

Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, ẹ yan oúnjẹ kan ṣoṣo lóòjọ́ tí ẹ ó máa fọkàn jẹ. Kó jẹ́ èyí tí kò sí ìkánjú nídìí rẹ̀. Fún ẹlòmíràn, ẹ̀kọ àárọ̀ ni. Fún ẹlòmíràn, àmàlà alẹ́. Àwọn oúnjẹ tó kù, ẹ máa jẹ wọ́n bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo kì í bá a dé ọ̀sẹ̀ kejì.

Kí ẹ tó bu oúnjẹ, ẹ bèèrè ohun tó ń pè yín

Ebi kọ́ ló máa ń gbé wa dé ìdí ìkòkò ní gbogbo ìgbà. Ebi gidi máa ń wá díẹ̀díẹ̀. Inú á kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ara á rọ̀, èèyàn á máa kanra sí àwọn ọmọ. Kì í sì yan oúnjẹ. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín àná ló wà nílé, yóò gbà á tọpẹ́tọpẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ẹnu máa ń dé lójijì, ó sì máa ń dárúkọ ohun tó fẹ́: pọfupọ́ọ̀fù ni, kò gbọ́ ti nǹkan mìíràn.

Àwọn olùpè mìíràn tún wà. Òùngbẹ lè jọ ebi. Ẹ mu omi, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wò ó. Àìsùn náà ń pe oúnjẹ, pàápàá ohun dídùn. Ìbànújẹ́ ń pè é, ìbínú ń pè é, àìríṣẹ́ṣe ń pè é. Aago pàápàá ń pè é. Ní 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní ilẹ̀ Japan ṣàwárí ohun kan tí ikùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi sọ fún ọpọlọ pé ebi dé. Ghrelin ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń pọ̀ sí i kí àkókò oúnjẹ tó tó, ó sì máa ń kọ́ àṣà wa: bí ẹ bá ti ń jẹun ní aago méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, ara á ti máa retí rẹ̀ kí aago méjì tó lù. Nítorí náà, bí ebi bá pè yín lákòókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ má rò pé ìwọra ni. Ara ń rántí àdéhùn ni.

N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti jẹun nítorí ìbànújẹ́. Nílé òkú, oúnjẹ wà nínú ohun tí a fi ń tu ara wa nínú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni, kí ẹ pè é lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ fún ara rẹ̀ pé, “Ebi kò pa mí o, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi sọ fún mi ló ń dùn mí,” ó lè jẹ pọfupọ́ọ̀fù méjì síbẹ̀, kó gbádùn rẹ̀, kó sì wá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù fún ìyókù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ebi pa yín dé góńgó kí ẹ tó jẹun. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ti sọ di aláìlágbára kò lè fọkàn sí nǹkan kan, kíkì ni yóò máa ki oúnjẹ bọ ẹnu. Mo mọ bó ṣe rí fún ẹni tó ń gbé Ìkòròdù tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tó ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ń dá dúró títí di alẹ́ pátápátá. Bó bá délé, bó ṣe ń kọ lu ìkòkò máa ń burú. Kó fi ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀pà sínú báàgì, kó jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù. Nígbà náà ni yóò lè jókòó ti àmàlà rẹ̀ bí èèyàn.

Ìjókòó

Ẹ bu oúnjẹ sínú abọ́. Bó jẹ́ bisikíìtì ni, ẹ kó iye tí ẹ fẹ́ jẹ sínú àwo, kí ẹ gbé páálí rẹ̀ padà. Ẹ má jẹun lórí ìdúró nídìí sítóòfù, ẹ má sì jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ pa tẹlifíṣàn. Ẹ fọ ọwọ́, kì í ṣe nítorí ìdọ̀tí nìkan, bí kò ṣe kí ọwọ́ lè mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn ti parí.

Ó dùn mọ́ mi pé àṣà wa ti fi ìdúró díẹ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Onígbàgbọ́ á gbàdúrà, Mùsùlùmí á pe orúkọ Ọlọ́run. Bí ẹnì kan bá kọjá, ẹ ó ní kó wá jẹun, yóò sì dáhùn pé kó gba ibi ire. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣe é. Kí ẹ tó ṣí ojú lẹ́yìn àdúrà, ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ rántí ọwọ́ tó kọ ebè iṣu, ọwọ́ tó sá èlùbọ́ sí oòrùn, àti ọwọ́ tó ro àmàlà náà nínú ooru iná. Ẹni tó bá ro gbogbo ìyẹn kò ní wulẹ̀ gbé e mì káló.

Ọ̀rọ̀ òkèlè

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá ló ní kí a rún oúnjẹ lẹ́nu ní ọgbọ̀n ìgbà kí a tó gbé e mì. Bí ẹ bá dán ìyẹn wò pẹ̀lú iyán, yóò sú yín kí ẹ tó dé òkèlè kejì. A kì í rún òkèlè, a máa ń gbé e mì ni. Nítorí èyí, iṣẹ́ tí eyín ń ṣe nídìí ìrẹsì, ọwọ́ ni yóò máa ṣe é nídìí iyán, ẹ̀bà, fùfú àti láfún. Ọwọ́ ni yóò sọ bí a ó ṣe yára tó.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan òkèlè náà kí ẹ mọ bó ṣe gbóná tó. Ẹ má fi ṣíbí gé e. Ìka máa ń mọ ohun tí ṣíbí kò lè mọ̀. Ẹ gé e kékeré, kó má ju orí àtàǹpàkò yín lọ. Ẹ yí i, kí ẹ mọ̀ bóyá ó fẹ́lẹ́ tàbí ó le, bóyá kókó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi kó ọbẹ̀. Bó bá ti wọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n kí adùn ọbẹ̀ tó wà lára rẹ̀ tàn ká, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e mì, kí ẹ sì máa fọkàn bá a lọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyí: ẹ má gé òkèlè mìíràn títí èyí tó wà lọ́nà yóò fi dé ibi tó ń lọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé etí abọ́. Bí ẹ bá kíyè sí ara yín, ẹ ó rí i pé òkèlè kejì ti máa ń wà lọ́wọ́, ẹ̀kẹta ti máa ń wà lójú, nígbà tí èkínní ṣì wà lọ́fun.

Ẹ wá ohun tó wà nínú ọbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó jẹ́ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ni, ẹ kọ́kọ́ fi òkèlè kan tọ́ gbẹ̀gìrì nìkan wò, kí ẹ mọ bí ẹ̀wà rẹ̀ ṣe kúnná. Ẹ fi òmíràn tọ́ ewédú wò, bó ṣe ń yọ̀. Ẹ wá da ọbẹ̀ ata mọ́ ọn, kí ẹ wá irú rí nínú rẹ̀. Irú máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ ata, ẹni tó bá ń kánjú kì í bá a pàdé.

Ọ̀rọ̀ ẹran ńkọ́? Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ wa láti kékeré pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹran, olójúkòkòrò ni, kó fi í sí ẹ̀yìn. Ohun tí èyí wá ń fà ni pé a ó máa fi òkèlè sáré kí a lè dé ìdí ẹran, tí a bá sì yó lójú ọ̀nà, a kò ní lè dúró nítorí pé ẹran ṣì ń bẹ níwájú. Mo fara mọ́ ìdí tí àwọn àgbà fi kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ mẹ́fà ń jẹ nínú àwo kan. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ní abọ́ tirẹ̀, kó máa jẹ ẹran pọ̀ mọ́ òkèlè. Ẹran, pọ̀nmọ́, ìgbín àti ẹ̀fọ́ ló ń fún eyín níṣẹ́ ṣe láàárín òkèlè kan sí òmíràn, iṣẹ́ eyín yẹn ló sì ń dá wa dúró díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún bíbù kún un. Ọbẹ̀ á tán, òkèlè á ṣẹ́kù, a ó bu ọbẹ̀ sí i. Òkèlè á tán, ọbẹ̀ á ṣẹ́kù, a ó ní kí wọ́n mú ẹ̀bà díẹ̀ wá. Báyìí ni oúnjẹ èèyàn kan ṣe ń di ti èèyàn méjì láìsí pé ikùn bèèrè fún un. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ bù kún un, ẹ bi ara yín bóyá ikùn ló ń bèèrè ni, tàbí abọ́.

Ní ti oúnjẹ tí à ń rún, bíi ìrẹsì, ẹ̀wà àti iṣu sísè, ẹ lọ́ra rún un. Ẹ bu iṣu sísè kan jẹ láìfi ọbẹ̀ tàbí epo sí i, kí ẹ rún un títí. Ẹ ó rí i pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní amylase wà nínú itọ́, òun ló ń sọ iṣu náà di ṣúgà díẹ̀díẹ̀ kó tó kúrò lẹ́nu.

Ẹ dúró láàárín

Bí oúnjẹ bá dé ìdajì, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, ẹ mu omi ẹnu kan. Ẹ wá wo inú yín: ṣé ebi náà ṣì wà? Ṣé ó ti rọlẹ̀? Ṣé òkèlè tí ẹ ń jẹ báyìí dùn tó ti ìbẹ̀rẹ̀? Adùn máa ń dín kù bí ebi ṣe ń lọ, òun sì ni àmì àkọ́kọ́ pé yíyó ti ń bọ̀.

Ìdí tí ìdúró yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ìròyìn yíyó máa ń pẹ́ kó tó dé ọpọlọ. Bí ikùn ṣe ń fẹ̀, iṣan gígùn kan tí wọ́n ń pè ní vagus ń gbé ìròyìn náà lọ sókè. Bí oúnjẹ ṣe ń wọ ìfun, ìfun náà ń tú àwọn oje tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ láti sọ pé ó tó. Kí gbogbo ìyẹn tó parí, ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà tán ní ìṣẹ́jú mẹ́fà ti jẹ ẹ́ tán kí oníṣẹ́ tó délé. Yóò bù sí i, ìgbà tí ìròyìn bá wá dé, àjẹkì ni yóò bá pàdé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn àgbààgbà Okinawa ní Japan ní òwe kan tó ní kí èèyàn jẹun dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kó dúró níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù náà ní kí èèyàn fi ìdá kan nínú mẹ́ta ikùn sílẹ̀ fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ sì wo bí àwọn Mùsùlùmí wa ṣe ń ṣínu nínú ààwẹ̀ Rámádánì: dàbínù àti omi lẹ́nu, wọ́n á lọ kírun, kí wọ́n tó wá jókòó ti oúnjẹ gidi. Ìdúró tí mo ń sọ ti wà nínú ìyẹn. Ẹni tó bá pa á tì, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkàrà, ẹ̀kọ, ìrẹsì àti mínírà lẹ́sẹ̀ kan náà, inú rẹ̀ ni yóò sọ fún un lóru.

Oúnjẹ tó ṣẹ́kù

Ibí yìí ló nira jù fún wa. Ìtìjú wà nínú kí a fi oúnjẹ sílẹ̀, ìfiṣòfò sì ni lójú ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta òdiwọ̀n gàrí lónìí. N kò ní sọ pé kí ẹ da oúnjẹ nù láéláé. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ẹ bu díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ìkòkò kì í ṣòfò, èyí tó ti wọ abọ́ ló ń di ọ̀ràn. Bó bá sì ṣẹ́kù, ẹ dé e. Oúnjẹ tí a gbé wọ ikùn tó ti kún ti ṣòfò náà.

Lóde àríyá, ẹ rìn yí tábìlì ká kí ẹ tó gba ohunkóhun. Ẹ yan èyí tí ẹ kì í rí jẹ nílé, bóyá àsun tàbí ọ̀fadà nínú ewé, kí ẹ jẹ ẹ́ lórí ìjókòó, láàárín ìgbà tí onílù fi ń sinmi. Ìyókù, ẹ ní kí wọ́n dì í.

Nílé àna ńkọ́? Ìyá ọkọ ti bu iyán gègèrè, ojú rẹ̀ sì wà lára yín. Ẹ má ṣe àlàyé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ fún un. Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa: “Ẹ ṣé o, mà. Ọbẹ̀ yìí dùn gan-an ni. Mo ti yó báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dé e, màá jẹ ẹ́ lálẹ́.” Bí wọ́n bá ní, “Àbí oúnjẹ mi ò dáa ni?” ẹ dáhùn pé, “Ó dáa, mà. Òun ni mi ò ṣe fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí.” Kí ẹ sì jẹ ẹ́ lálẹ́ lóòótọ́, níṣojú wọn.

Ara tí ẹ ń bọ́

Bí a bá kórìíra ara, a kò lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá sì wá sílé láti Peckham ní London fún ọdún Kérésìmesì mọ ohun tó ń dúró dè é ní géètì: “Háà, o ti sanra o!” tàbí, “Kí ló ṣe ọ́ tó o rù báyìí?” Ìfẹ́ ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gún èèyàn lọ́kàn, àwọn ọ̀dọ́bìnrin pàápàá. Ẹ dáhùn pé, “Ara mi le, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́?” kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ọ̀nà mìíràn láti kí ọmọ káàbọ̀.

Ẹ jìnnà sí àwọn tíì tí wọ́n ń polówó pé wọ́n ń fá ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní senna nínú, ewé tó ń jẹ́ kí èèyàn yàgbẹ́. Omi ló ń lọ, kì í ṣe ọ̀rá.

Ẹ sì má fi ebi jẹ ara yín níyà. Ní 1945, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 kù sí nǹkan bí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn ọkùnrin náà ló yọ̀ǹda ara wọn, ara wọn sì le koko nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi gba gbogbo ọkàn wọn. Wọ́n ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé ìtàn, oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, òun náà ni àlá wọn. Nígbà tí wọ́n wá tú wọn sílẹ̀ láti jẹ bó ṣe wù wọ́n, àwọn kan nínú wọn jẹ títí, wọn ò yó. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ lọ́sàn-án, tó wá ń jí bu ìrẹsì tútù lóru, ẹ má pè é ní wọ̀bìà. Ara rẹ̀ ń ṣe ohun tí ara èèyàn ń ṣe tí oúnjẹ bá wọ́n ọn.

Èyí náà ni ìdí tí ìjìyà kò fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àjẹkì. Bí ẹ bá jẹun jù lónìí, ẹ rìn díẹ̀, ẹ sùn, kí ẹ sì jẹ oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la ní àkókò rẹ̀ bí ebi bá ti dé. Nígbà tí ẹ bá ń fi òrí tàbí ìpara pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ máa dárúkọ iṣẹ́ tí ibi tí ọwọ́ yín wà ṣe lónìí: ẹsẹ̀ yìí gun àtẹ̀gùn, apá yìí gbé ọmọ, ikùn yìí lọ oúnjẹ. Ẹ ṣe é bó tilẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé létí yín.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà

Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà, tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn tó ń dín ṣúgà kù, kò gbọ́dọ̀ máa dúró de ebi kó tó jẹun. Àkókò tí dókítà bá fún un ni kó tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláboyún tí èébì ń dà láàmú, àti ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa ń ti ìka bọ ọ̀fun láti pọ oúnjẹ, tàbí ẹ ń lọ ọjọ́ méjì láìjẹun nítorí pé ẹ̀rù sísanra ń bà yín, àìsàn nìyẹn, kì í ṣe àbùkù, ìtọ́jú sì wà fún un. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa, bíi UCH ní Ìbàdàn. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dání.

Àwọn ọmọ inú ilé

Ọmọ ọwọ́ mọ ẹ̀kọ́ yìí ju gbogbo wa lọ. Bó bá yó, yóò tu ọmú sílẹ̀, yóò yí orí kúrò. Ohun tó máa ń ba ìmọ̀ náà jẹ́ ni rírọ ọmọ, tí wọ́n máa ń gbé ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, tí wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, tí wọ́n á máa da ẹ̀kọ sí i kó lè fi tipátipá gbé e mì. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ó tún ń kọ́ ọ pé ẹlòmíràn ló ń pinnu ìgbà tí òun yó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ọmú nìkan tó fún un, ẹ gbé e jókòó kó dojú kọ yín, kí ẹ máa fi ṣíbí kékeré fún un ní ẹ̀kọ tí ẹ ti po ẹ̀wà lílọ̀ tàbí ẹyin mọ́, kí ẹ dúró kó la ẹnu fúnra rẹ̀. Bó bá yí orí, ẹ sinmi, ẹ tún fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún yí i, ó ti tó.

Èyí tó ti dàgbà tó láti di ṣíbí mú, ẹ jẹ́ kó bu oúnjẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú àyè láti bù sí i. Ẹ má ṣèlérí ẹran tàbí mínírà fún un kó tó jẹ ẹ̀bà tán. Bó bá ní òun ti yó, ẹ bi í bóyá ó dá a lójú, kí ẹ gbé abọ́ náà kúrò láìbínú. Bí ebi bá sì pa á ní wákàtí méjì sí i, oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò.